Bí A Ṣe Ń Ṣètò Mọ́nítọ̀ Kí Àwọ̀ Fọ́tò Má Baà Tàn Wá Jẹ

Ẹni tó bá ń fi kọ̀ǹpútà tún fọ́tò ṣe fún oníbàárà mọ ẹjọ́ yìí dáadáa. Fọ́tò ìyàwó dára lójú kọ̀ǹpútà, ara rẹ̀ ń dán, gbogbo òwú fàdákà inú aṣọ òkè rẹ̀ ló hàn, ṣùgbọ́n nígbà tí álíbọ́ọ̀mù dé láti láàbù, ojú ìyàwó ti ṣú, agbádá dúdú ọkọ sì ti di òkùnkùn biribiri tí a kò rí ọnà kankan lára rẹ̀. Láàbù ni a sábà máa ń dá lẹ́bi. Lọ́pọ̀ ìgbà, láàbù kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Mọ́nítọ̀ tí a fi ṣiṣẹ́ ló mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń tún fọ́tò náà ṣe ti ń fà á sọ́dọ̀ òkùnkùn láìmọ̀, kí ó lè tù ú lójú.

Nítorí náà, ìmọ́lẹ̀ ni ìtọ́sọ́nà yìí yóò kọ́kọ́ mú, àwọ̀ yóò tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń fi ìdí iṣẹ́ náà ṣe orí: wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fa pupa àti búlúù síwá sẹ́yìn nígbà tó jẹ́ pé mọ́nítọ̀ wọn ń tàn ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ohun tí iṣẹ́ fọ́tò ń fẹ́. Ara dúdú tiwa tilẹ̀ mú kí ọ̀rọ̀ yìí le sí i. Ibi tí àwọ̀ ara wa wà nínú fọ́tò sún mọ́ ọ̀dọ̀ òkùnkùn ju ibi tí ara òyìnbó wà lọ, ibẹ̀ gan-an sì ni mọ́nítọ̀ tí a kò ṣètò ti máa ń purọ́ jù.

Iṣẹ́ méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì yẹ kí a dà wọ́n pọ̀. Èkíní ni calibration, ìyẹn ni pé kí a fi bọ́tìnì àti ẹ̀rọ mú mọ́nítọ̀ dé ibi kan tí a ti pinnu tẹ́lẹ̀: bí yóò ṣe mọ́lẹ̀ tó, irú funfun tí funfun rẹ̀ yóò jẹ́, àti bí yóò ṣe máa gòkè láti dúdú dé funfun. Èkejì ni pròfáìlì, fáìlì kékeré kan tó ń ròyìn fún sọ́fítíwíà àtúnṣe fọ́tò bíi Photoshop, Lightroom tàbí Capture One irú àwọ̀ tí mọ́nítọ̀ náà lè gbé jáde gan-an, kí wọ́n lè fi nọ́ńbà tó yẹ ránṣẹ́ sí i. International Color Consortium (ICC), ẹgbẹ́ tí Adobe, Apple, Kodak, Microsoft àti àwọn mìíràn dá sílẹ̀ ní 1993, ló ṣe ìlànà tí a fi ń kọ irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ fi ń parí pẹ̀lú .icc tàbí .icm. Calibration láìsí pròfáìlì dà bí òṣùwọ̀n tí wọ́n tún ṣe tán tí wọn kò kọ nọ́ńbà sí lára: ó lè péye, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè kà á.

Ohun tí ẹ nílò

Kò sí ìṣètò tó lè fún mọ́nítọ̀ ní àwọ̀ tí kò sí nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà lórí tábìlì yín. Nínú oríṣi ojú mọ́nítọ̀ tó wà, IPS ló dára jù fún iṣẹ́ yìí, nítorí àwọ̀ rẹ̀ kì í yí padà púpọ̀ bí a bá sún orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Oríṣi TN, tó wọ́pọ̀ lára àwọn láptọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú ti àtijọ́, máa ń yí padà bí ẹ bá kàn gbé orí sókè díẹ̀. Òkè fọ́tò á ṣú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á mọ́, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè wo ìyẹn sàn. VA wà láàárín àwọn méjèèjì: dúdú rẹ̀ jinlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn àwọ̀ tó wà nítòsí dúdú máa ń yí padà bí a kò bá jókòó siwájú rẹ̀ gan-an.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo bí àwọ̀ tó lè gbé jáde ṣe pọ̀ tó. sRGB ni àkójọ àwọ̀ tí Hewlett-Packard àti Microsoft gbé kalẹ̀ ní 1996, tó di ìlànà àgbáyé ní 1999, òun sì ni íntánẹ́ẹ̀tì àti ọ̀pọ̀ láàbù ń lò títí di òní. Mọ́nítọ̀ tó bá lè gbé gbogbo sRGB jáde ti tó fún iṣẹ́ ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti òde àríyá. Bí wọ́n bá kọ 45% NTSC (àkójọ àwọ̀ àtijọ́ ti tẹlifíṣọ̀n) sínú ìwé tó bá láptọ́ọ̀pù yín wá, ẹ mọ̀ pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún sRGB ni agbára rẹ̀ mọ. Pupa iyùn á ṣá lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iyùn náà kò ṣá nínú fọ́tò. Èyí tí wọ́n bá kọ 72% NTSC sí ló tóbi tó sRGB. Adobe RGB, tó jáde ní 1998, fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá ní ìhà àwọ̀ ewé àti àwọ̀ tó wà láàárín ewé àti búlúù. Ó wúlò fún ẹni tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀fọ́tò olójú yíǹkì púpọ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí láàbù rẹ̀ kì í gba ohun mìíràn ju sRGB lọ ń fi owó ṣòfò ni bó bá torí Adobe RGB ra mọ́nítọ̀ olówó gọbọi.

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló kù, èyí tí a máa ń gbé lé ojú mọ́nítọ̀ kí ó lè wọn ohun tó ń tàn jáde. Colorimeter ni wọ́n ń pè é. Calibrite, tó gba ẹ̀ka fọ́tò lọ́wọ́ X-Rite ní 2021, àti Datacolor, tó ń ṣe Spyder, ni orúkọ tí ẹ ó máa rí jù. Ẹ má ra ti àtijọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀ tìtorí pé ó pọ́ọ́kú: ike aláwọ̀ tó wà nínú àwọn kan lára wọn máa ń ṣá bí ooru àti ọ̀rinrin bá ti bá a pẹ́, ẹ̀rọ tó sì ti ṣá yóò máa fi ìgboyà purọ́ fún yín. Bí owó rẹ̀ bá ga jù fún ẹnì kan, kí fọtógíráfà bíi mẹ́rin dá owó jọ rà á. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni oníkálukú nílò rẹ̀. Sọ́fítíwíà máa ń bá a wá. Èyí tó wù mí jù ni DisplayCAL, tí Florian Höch kọ, tó sì gbára lé ArgyllCMS ti Graeme Gill. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì máa ń jẹ́ kí a rí gbogbo nọ́ńbà tí sọ́fítíwíà àwọn tó ń ta ẹ̀rọ máa ń fi pamọ́. Ti Höch fúnra rẹ̀ ti pẹ́, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti tún un kọ ní Python 3, èdè kọ̀ǹpútà tuntun, èyí sì ni kí ẹ wá fún Windows tàbí macOS tuntun.

Ẹ tún yàrá ṣe kí ẹ tó tún mọ́nítọ̀ ṣe

Ojú ènìyàn kì í wo mọ́nítọ̀ nìkan. Ó ń wo ògiri, ó ń wo fèrèsé, ó sì ń fi wọ́n wé ara wọn. Bí ògiri tó wà lẹ́yìn mọ́nítọ̀ bá ní àwọ̀ ewé tó le, ojú á mọ́ ọn lára, yóò wá máa rí fọ́tò bí ẹni pé ó ti pupa jù, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọ̀ ewé kún un láìsí ìdí. Ògiri funfun tó rọ̀ tàbí aláwọ̀ eérú ló dára. Bí ẹ bá ń gbé ilé rẹ́ǹtì tí onílé kò gbà kí ẹ kun ògiri, aṣọ eérú tí ẹ fi kọ́ ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ ti tó.

Ẹ má jẹ́ kí oòrùn tàbí gílóòbù tàn sójú mọ́nítọ̀ tààrà. Ẹ fi kọ́tìnì tó nípọn bo fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ yàrá lè wà bákan náà láàárọ̀ àti lálẹ́, nítorí mọ́nítọ̀ tí a ṣètò fún yàrá òwúrọ̀ kì í bá yàrá ọ̀sán gangan mu. Ní ti gílóòbù, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 5000K sí lára (K ni kelvin, tó ń sọ irú funfun tí ìmọ́lẹ̀ jẹ́), tí CRI rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń fi àwọ̀ hàn bó ti rí gan-an tó, sì kọjá 90. Irú ìmọ́lẹ̀ yìí ni ìlànà àgbáyé ISO 3664 yàn fún wíwo fọ́tò tí a ti tẹ̀. Aṣọ ọrùn yín náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: áńkárá pupa fòò tí ẹni tó jókòó síwájú mọ́nítọ̀ wọ̀ máa ń tàn padà sójú gíláàsì, ó sì máa ń pa àwọ̀ dà. Fọ́tò ẹbí tí ẹ fi ṣe ẹ̀yìn ojú kọ̀ǹpútà, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi eérú lásán rọ́pò rẹ̀.

Ẹ pa gbogbo ohun tó ń dá ara rẹ̀ ṣètò

Mọ́nítọ̀ àti kọ̀ǹpútà òde òní kún fún ọgbọ́n tí a kò bẹ̀ wọ́n. Ẹ pa Night Light lórí Windows, Night Shift àti True Tone lórí Mac, àti f.lux bí ẹ bá ní i. Ẹ wọ inú mẹ́nù mọ́nítọ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ pa Dynamic Contrast, Eco, àti ohunkóhun tó bá ń jẹ́ orúkọ eyecare. Ẹ pa HDR. Ẹ má yan Vivid, Movie tàbí Game. Èyí tó ń jẹ́ User tàbí Custom ni kí ẹ yàn, nítorí níbẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ ti máa ń jẹ́ kí a fọwọ́ kan pupa, ewé àti búlúù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Àwa tí iná máa ń lọ lọ́wọ́ wa ní ìṣòro kan tí ìwé òyìnbó kì í sábà mẹ́nu bà. Bí láptọ́ọ̀pù bá ti kúrò lórí iná bọ́ sórí bátìrì, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ nìkan ló máa ń dín kù. Ìṣètò kan wà fún ẹ̀rọ àwòrán Intel (ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà tó ń gbé àwòrán sójú mọ́nítọ̀, kì í ṣe kámẹ́rà) tó ń jẹ́ Display Power Saving, ti AMD sì ń jẹ́ Vari-Bright; àwọn méjèèjì máa ń dín iná ẹ̀yìn kù, wọ́n á wá fa àwọ̀ fọ́tò sókè kí a má baà fura. Fọ́tò tí ẹ ń tún ṣe á yí padà lójú yín láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ ó sì rò pé iṣẹ́ yín ni. Ẹ wá wọn rí nínú sọ́fítíwíà ẹ̀rọ àwòrán náà, kí ẹ sì pa wọ́n pátápátá.

Bí ẹ bá fi wáyà HDMI so mọ́nítọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ rí i dájú pé Full ni ẹ̀rọ àwòrán àti mọ́nítọ̀ jọ ń lò. Oríṣi Limited, tó wà fún tẹlifíṣọ̀n, ń ka dúdú láti 16, ó sì ń ka funfun mọ ní 235, dípò 0 sí 255; bí ọ̀kan bá ń lo Full tí èkejì ń lo Limited, yálà kí dúdú di eérú, tàbí kí gbogbo ọnà inú agbádá dúdú rì. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni kí mọ́nítọ̀ fi wà ní títàn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ohunkóhun, kí ooru rẹ̀ lè fara balẹ̀. Bí iná bá lọ láàárín, tí ẹ sì dúró pẹ́ kí ẹ tó tan jẹnẹrétọ̀, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nọ́ńbà mẹ́ta tí ẹ ó yàn

Sọ́fítíwíà yóò béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ yín, ìmọ́lẹ̀ ló sì ṣe pàtàkì jù nínú wọn. Candela ní onígun mítà kan, tí wọ́n ń kọ báyìí, cd/m², ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ máa ń ti ilé iṣẹ́ wá pẹ̀lú 250 sí 350, nítorí kí ó lè wu ènìyàn ní ṣọ́ọ̀bù. Fún fọ́tò, ẹ yan 100 sí 120. Bí yàrá yín bá ṣókùnkùn, ẹ lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 80, èyí tí ìlànà sRGB fúnra rẹ̀ sọ. Ẹ máa rò ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé ẹ ti ba mọ́nítọ̀ jẹ́, nítorí ojú tó ti mọ́ 300 lára yóò rí 100 bí ìrọ̀lẹ́. Ẹ fún un ní ọjọ́ díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá nọ́ńbà tí ẹ yàn bá yàrá yín mu, ẹ ṣí ojú ewé funfun kan nínú Photoshop, kí ẹ gbé pépà fọ́tò tí a kò tíì tẹ nǹkan sí sábẹ́ gílóòbù 5000K lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́nítọ̀, kí ẹ sì máa wo méjèèjì ní ẹ̀yọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mọ́nítọ̀ bá mọ́ ju pépà lọ fíìfíì, ẹ rọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Èkejì ni funfun. D65 ni kí ẹ yàn, ìyẹn nǹkan bí 6500 kelvin. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé máa ń yan D50, nítorí òun ni ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń wo pépà, ṣùgbọ́n lójú mọ́nítọ̀ ó máa ń pọ́n bí ẹyin, ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ pọ́ọ́kú sì máa ń pàdánù ìmọ́lẹ̀ búlúù púpọ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ẹ̀kẹta ni gamma, ìlànà tí àwọ̀ fi ń gòkè láti dúdú dé funfun: 2.2 ni. Bí ẹ bá rí ìmọ̀ràn kan tó ní kí ẹni tó ń lo Mac yan 1.8, ìmọ̀ràn àtijọ́ ni. Apple ti fi 1.8 sílẹ̀ láti ìgbà Snow Leopard, ẹ̀dà sọ́fítíwíà Mac tó jáde ní 2009.

Bọ́tìnì ara mọ́nítọ̀ ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́

Ẹ má jẹ́ kí sọ́fítíwíà ṣe ohun tí bọ́tìnì lè ṣe. Kọ̀ǹpútà ní ìpele 256 péré fún pupa, 256 fún ewé, 256 fún búlúù, lójú ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀. Bí búlúù bá pọ̀ jù, tí ẹ sì ní kí sọ́fítíwíà dín in kù sí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, nǹkan bí 205 ìpele ló máa ṣẹ́kù fún búlúù, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìlà ìlà lójú ọ̀run níbi tó yẹ kí àwọ̀ ti máa lọ jẹ́jẹ́. Bọ́tìnì mọ́nítọ̀ ni kí ẹ fi gbé e súnmọ́ ibi tó yẹ, kí ohun tó kù fún sọ́fítíwíà lè kéré.

Ìmọ́lẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀. Brightness ni bọ́tìnì rẹ̀ nínú mẹ́nù, iná ẹ̀yìn ló sì máa ń dín kù. Ẹ fi Contrast sílẹ̀ síbi tí ilé iṣẹ́ fi sí. Bí ẹ bá gbé e sókè, funfun á jóná, ọnà ara léèsì funfun ìyàwó á sì parẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé colorimeter lé ojú mọ́nítọ̀, ẹ wo ọ̀pá mẹ́ta tí sọ́fítíwíà gbé jáde, pupa, ewé, búlúù, kí ẹ máa dín èyí tó ga jù nínú wọn kù títí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fi wà lórí ìlà kan náà. Dídín ni mo sọ, ẹ má fi kún èyí tó kéré. Nítorí pé bí a ti ń dín wọn kù ni ìmọ́lẹ̀ máa ń bá a wálẹ̀, ẹ padà sí Brightness kí ẹ gbé e sókè díẹ̀, kí ẹ tún wo ọ̀pá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan sí i.

Láptọ́ọ̀pù kò ní bọ́tìnì pupa, ewé àti búlúù. Brightness nìkan ni ẹ lè fọwọ́ kàn. Ẹ fi ìyókù fún sọ́fítíwíà, kí ẹ sì gba ìlà ìlà díẹ̀ mọ́ra. Ohun tí èmi máa ń gba ẹni tó bá ní láptọ́ọ̀pù nìkan nímọ̀ràn ni pé kí ó fi funfun sílẹ̀ bó ṣe wà látilẹ̀, bí kò bá ti jìnnà sí 6500. Ìmọ́lẹ̀ àti gamma tó péye ti wo ọ̀pọ̀ nínú àìsàn náà sàn.

Ìwọ̀n gan-an

Ẹ fi aṣọ rírọ̀ gbígbẹ nu ojú mọ́nítọ̀. Ẹ dà á sẹ́yìn díẹ̀, bí ìwọ̀n ìka mẹ́ta, kí ẹ̀rọ lè dùbúlẹ̀ lé e lórí láìsí àyè lábẹ́ rẹ̀. Wáyà ẹ̀rọ náà ní ìwúwo kékeré kan tí a máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn mọ́nítọ̀. Ẹ fà á títí ojú ẹ̀rọ yóò fi bọ́ sí àárín gan-an, kí kànrìnkàn etí rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ gíláàsì yíká. Bí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yọ lábẹ́ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yàrá náà lè máa wọlé níbẹ̀. Ẹ tún un gbé. Ẹ má fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, nítorí títẹ gíláàsì náà máa ń yí àwọ̀ padà.

Sọ́fítíwíà yóò béèrè irú iná tó wà lẹ́yìn mọ́nítọ̀ yín. Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ọ̀ṣọ́. Colorimeter kò rí àwọ̀ bí ojú ènìyàn ti rí i gẹ́lẹ́, ó sì ní láti mọ irú iná tó ń wò kí ó tó lè ṣàtúnṣe fún un. White LED ni ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ sRGB òde òní. Èyí tó bá ń gbé Adobe RGB jáde sábà máa ń jẹ́ GB-r LED tàbí irú rẹ̀. OLED dá wà. Bí ẹ bá yan èyí tí kò tọ́, funfun yín lè máa fi ewé tàbí pupa hàn díẹ̀ títí láé, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo nọ́ńbà yóò máa sọ pé ó péye.

Ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí ó máa ṣiṣẹ́. Yóò máa tàn onírúurú àwọ̀ síwájú ara rẹ̀. Ẹ má gbọn tábìlì, ẹ má sì tan iná yàrá lójijì. Nígbà tó bá parí, ẹ fi ọjọ́ sínú orúkọ pròfáìlì náà, kí ẹ sì yan ìlànà ICC v2 dípò v4, nítorí àwọn ètò kan ṣì wà tí v4 máa ń dà láàmú. Inú C:\Windows\System32\spool\drivers\color ni Windows ń kó wọn sí. Lórí Mac, wọ́n wà nínú ColorSync/Profiles lábẹ́ Library.

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ níbí: àwọn kan á mú pròfáìlì mọ́nítọ̀ náà, wọ́n á fi ṣe working space, ìyẹn àkójọ àwọ̀ tí fọ́tò ń lò, nínú Photoshop, tàbí wọ́n á fi í sínú fọ́tò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Pròfáìlì mọ́nítọ̀ jẹ́ ti mọ́nítọ̀ yẹn nìkan. Ẹ fi sRGB tàbí Adobe RGB ṣiṣẹ́ nínú Photoshop, kí ẹ sì fi sRGB sínú JPEG tó ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ṣé ó gbà?

Sọ́fítíwíà yóò fi nọ́ńbà kan hàn yín tó ń jẹ́ Delta E, tó ń sọ bí àwọ̀ tí a béèrè àti èyí tí mọ́nítọ̀ gbé jáde ṣe jìnnà síra tó. Nǹkan bí 1 ni ojú ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìyàtọ̀. Bí ìpíndọ́gba gbogbo àwọ̀ bá wà lábẹ́ 2, iṣẹ́ ti dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan náà ló ṣe ìwọ̀n tó tún ń ṣe ìdájọ́ ara rẹ̀, nítorí náà nọ́ńbà tó dára kò tíì parí ẹjọ́. Ẹ ṣí fáìlì sRGB tuntun nínú Photoshop, ẹ kun ún ní dúdú 0, kí ẹ fa àpótí kékeré mẹ́rin sínú rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà 5, 10, 15 àti 20. Bí yàrá bá ṣú díẹ̀, àpótí 10 gbọ́dọ̀ hàn fírífírí, 20 sì gbọ́dọ̀ hàn kedere. Bí ẹ kò bá rí 20, ọnà agbádá dúdú yóò máa pamọ́ fún yín, ẹ ó sì máa tan ìmọ́lẹ̀ sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ ṣe bákan náà pẹ̀lú funfun 255, tí àpótí inú rẹ̀ jẹ́ 250 àti 245. Ní ìparí, ẹ fa eérú tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ láti dúdú dé funfun, kí ẹ wò ó bóyá ibì kan fi pupa tàbí ewé hàn. Bó bá jẹ́ eérú látòkè délẹ̀, ara ènìyàn nínú fọ́tò yóò jẹ́ òótọ́.

Ẹni tí kò tíì ní ẹ̀rọ

Ẹni tí kò tíì ní colorimeter lè ṣe ìdajì iṣẹ́ náà, ìdajì tó dára jù sì ni. Lórí Windows, ẹ tẹ dccw sínú àpótí ìwákiri. Lórí Mac, ẹ ṣí ètò calibration tó wà nínú ìṣètò Displays. Ẹ fi ọgbọ́n pépà funfun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ṣètò Brightness, ẹ fi àpótí dúdú mẹ́rin wo ìsàlẹ̀, ẹ sì ṣe gamma bí ètò náà bá ti tọ́ yín sọ́nà. Ibi tí ó bá kan pupa, ewé àti búlúù ni kí ẹ kọjá láìfọwọ́ kàn án. Ojú máa ń gba ohunkóhun tó bá ti wò pẹ́ gẹ́gẹ́ bíi funfun, kò sì lè ṣe ìdájọ́ funfun. Yíyan 6500K nínú mẹ́nù mọ́nítọ̀ sàn ju ojú yín lọ. Ẹ má fi fóònù ṣe òṣùwọ̀n, nítorí ọ̀pọ̀ fóònù náà máa ń kun àwọ̀ kí ó lè wu ènìyàn.

Láti mọ́nítọ̀ dé pépà

Ẹ yan fọ́tò mélòó kan tó nira: ara dúdú nínú òjìji, léèsì funfun lábẹ́ oòrùn, iyùn pupa, aṣọ òkè olówùú fàdákà, àti léèsì búlúù tó le. Ẹ fi ránṣẹ́ sí láàbù ní sRGB, kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má tún un ṣe rárá, nítorí ọ̀pọ̀ láàbù ní ẹ̀rọ tó máa ń dá tan ìmọ́lẹ̀ sí fọ́tò. Nígbà tó bá dé, ẹ wò ó lábẹ́ gílóòbù 5000K lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́nítọ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣú bákan náà, ẹ dín Brightness mọ́nítọ̀ kù, kí ẹ tún un wọn. Ẹ má sọ pé ẹ ó máa tan ìmọ́lẹ̀ kún fọ́tò nígbà gbogbo kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ búlúù nìkan ló yí padà sí àwọ̀ àlùkò, mọ́nítọ̀ yín kò ṣẹ̀: yíǹkì orí pépà kò lè dé ibi tí búlúù ojú mọ́nítọ̀ dé.

Fún irú búlúù bẹ́ẹ̀ ni soft proof ṣe wà. Ẹ béèrè pròfáìlì pépà lọ́wọ́ láàbù, ẹ fi í sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ wá yàn án nínú Photoshop lábẹ́ View, Proof Setup, Custom. Nínú Lightroom Classic, ẹ wọ Develop kí ẹ tẹ S. Ẹ ó rí i bí pépà yóò ṣe gbé àwọ̀ náà kí ẹ tó san owó. Ẹni tó ń gbé kàlẹ́ńdà tàbí ìwé ìpè lọ sí Ṣómólú fún ìtẹ̀wé oníyíǹkì mẹ́rin nílò pròfáìlì mìíràn, tí ilé ìtẹ̀wé náà yóò fún un. Ti láàbù fọ́tò kò bá a mu.

Ẹ tún un wọn lóṣooṣù, àti nígbàkígbà tí ẹ bá yí gílóòbù yàrá padà tàbí tí Windows bá gbé sọ́fítíwíà ẹ̀rọ àwòrán tuntun wọlé, nítorí irú ìmúdójúìwọ̀n bẹ́ẹ̀ lè pa calibration rẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Lórí Windows, ẹ wọ Color Management, ẹ lọ sí Advanced, ẹ tẹ Change system defaults, ẹ tún lọ sí Advanced nínú fèrèsé tó bá ṣí, kí ẹ sì rí i pé àmì wà níwájú Use Windows display calibration, bí sọ́fítíwíà tí ẹ lò kò bá ní ètò tirẹ̀ tó ń gbé e wọlé. Bí ẹ bá ní mọ́nítọ̀ méjì, ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fún oníkálukú ní pròfáìlì tirẹ̀, ẹ má sì fi àkókò ṣòfò láti mú kí wọ́n jọra gẹ́lẹ́ bí iná ẹ̀yìn wọn bá yàtọ̀. Èyí tó dára jù nínú àwọn méjèèjì ni kí ẹ máa fi wo fọ́tò. Ti èkejì, ẹ gbé mẹ́nù àti irinṣẹ́ sí i.